Inositol: Ta Ló Ń Jíṣẹ́ Ínsúlínì Nínú Ara?

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Iléṣà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, kí là ń pe inositol ní Yorùbá?" Ẹnì kan ló ta ìyẹ̀fun rẹ̀ fún wọn ní Òṣogbo. Ó ní kí wọ́n máa pò ó mu, pé nǹkan oṣù wọn tí kò wá láti oṣù mẹ́rin yóò padà, wọ́n á sì lóyún. Ó tún ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe àyẹ̀wò tí dókítà kọ fún wọn. Mo yára dáhùn pé, "Fítámìnì ni." Ìdáhùn mi kò tọ̀nà. Àtúnṣe rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe níbí.

Orúkọ náà

Ní ọdún 1850 ni Scherer, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì, yọ nǹkan yìí jáde láti inú ẹran ara. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí iṣan ló ti mú orúkọ rẹ̀. Àfòmọ́ ìparí "-ol" ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń dá ẹbí ọtí mọ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í pani. Ó dùn lẹ́nu díẹ̀, nítorí náà "ṣúgà iṣan" ni mo pè é. Nígbà kan, wọ́n kà á mọ́ àwọn fítámìnì B. Ohun tí ara kò lè ṣe tó fúnra rẹ̀ là ń pè ní fítámìnì, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín wa ń fi ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe inositol tó nǹkan bíi gírámù 4 lóòjọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀

Gbogbo wa la mọ òṣómàáàlò, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni ínsúlínì ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí a bá jẹun. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò wá gba nǹkan. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà wọlé ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í dé ìyàrá. Ọ̀rá kan tó ní inositol nínú, tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá a jíṣẹ́ fún baálé. Bí iṣẹ́ bá dé, ilẹ̀kùn á ṣí.

Nínú ara àwọn kan, iṣẹ́ náà kì í dé dáadáa. Ara á wá máa rán ínsúlínì sí i, ariwo á sì dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ilé ẹyin obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe họ́mọ̀nù akọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹyin kò ní máa jáde déédéé, nǹkan oṣù á máa ṣe ségesège, irùngbọ̀n lè hù, irorẹ́ lè bojú. Báyìí ni PCOS ṣe ń rí lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé obìnrin 10 sí 13 nínú 100 tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí ló ní in.

Ṣé ìyẹ̀fun náà ń ṣiṣẹ́?

Gírámù 4 lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lò. Ìlànà àgbáyé lórí PCOS tó jáde ní 2023 sọ pé obìnrin tó bá fẹ́ lè gbìyànjú rẹ̀: ewu rẹ̀ kéré, ó sì lè ran ọ̀rọ̀ ṣúgà ara lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń mú ẹyin jáde tàbí pé ó ń dín irun kù kò pọ̀. Letrozole ni oògùn tí ìlànà náà fi ṣáájú fún mímú ẹyin jáde.

Ẹni tó ta ìyẹ̀fun kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ibi tó ti ṣe ibi ni ti àyẹ̀wò tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Oyún lè dá nǹkan oṣù dúró. Àìsàn ẹ̀yà ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ náà lè dá a dúró. Ìyẹ̀fun kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá.

Inositol tún wà nínú oúnjẹ wa: ọsàn, ẹ̀wà, àgbàdo. Nínú ẹ̀wà àti àgbàdo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló so mọ́ èròjà mìíràn, tó sì ń di irin àti síǹkì mú kí ara má lè gbà wọ́n. Bí a bá rẹ àgbàdo ògì tó kan, ìdè náà á tú díẹ̀díẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà. Mo ní, "Ẹ má bínú, mo ṣì yín lọ́nà." Mo wá sọ ìtàn òṣómàáàlò fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbí ọmọ ọ̀dọ̀ tèmi ló ń sùn?" Mo ní àyẹ̀wò ló lè sọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni wọ́n lọ ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtumọ̀ tó dára ju "ṣúgà iṣan" lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́.