Omi Tí Wọ́n Fi Pamọ́ sí Abẹ́ Ilẹ̀

Agbègbè Alwar, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ni a ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ òní. Lọ́dún 1985, Rajendra Singh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Tarun Bharat Sangh kó lọ síbẹ̀. Ìtọ́jú aláìsàn àti ẹ̀kọ́ ìwé ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn àgbà abúlé ní omi làwọn ń fẹ́. Kànga ti gbẹ, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti wáṣẹ́ lọ sígboro, àwọn obìnrin ló ń rin ọ̀nà jíjìn lọ pọnmi.

Johad, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn, ni wọ́n padà sí. Kí ni johad? Ògiri erùpẹ̀ ni, tí wọ́n mọ kọdọrọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìhà òkè, níbi tí àgbàrá ti ń bọ̀, ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀. Láti Júláì sí Sẹ́tẹ́ńbà nìkan ni òjò ń rọ̀ dáadáa ní Alwar. Bí nǹkan kan kò bá dá a dúró, àgbàrá á sáré kọjá, á sì gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ.

Ẹ lè rò pé nítorí adágún tó ń dúró lẹ́yìn ògiri ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Rárá o. Adágún náà lè gbẹ, kò sì burú: omi rẹ̀ ti rọra rin wọlẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti lè fà á, ó sì ti dé ìdí kànga tó wà nísàlẹ̀.

Ta ló ń yan ojú ibi tí wọ́n máa mọ ọ́n sí? Àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ni. Àwọn ló mọ ipa àgbàrá. Abúlé á ṣèpàdé, wọ́n á bẹ ara wọn lọ́wẹ̀, ẹgbẹ́ á sì fowó kún un. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Bí ògiri bá ya, ẹni tó fi orí ru erùpẹ̀ rẹ̀ kò ní káwọ́ gbera máa retí ìjọba. (Ìjọba ọ̀hún tilẹ̀ ti sọ rí pé àwọn kan nínú ògiri náà kò bófin mu!)

Johad pọ̀ débi pé odò Arvari, tó ti máa ń gbẹ bí òjò bá ti lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn yípo ọdún láàárín àwọn ọdún 1990. Ni ẹja bá pọ̀ nínú odò, ni ìjọba bá gbé ẹja pípa fún agbaṣẹ́ṣe kan. Àwọn ará abúlé yarí, àdéhùn náà sì fọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn abúlé etí odò dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin ìrèké níbẹ̀, nítorí omi tó ń mu ti pọ̀ jù.