Ẹni Tí Ó Ra Àwo Kò Ra Ẹ̀tọ́ Ayàwòrán

Ayàwòrán tí ó dá dúró lè kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú àwo sídì kan, kí ó sì máa tà á. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, sídì tí ó ń gba 700 yóò gba 350. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí ní ewu nínú: ẹni tí ó ra ẹyọ kan lè fi kọ̀ǹpútà ṣe ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, kí èrè oníṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ olè.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022, tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, kò fi àyè gba èyí. Ẹni tí ó ra àwo ni ó ni àwo. Ayàwòrán ni ó ṣì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà àwòrán náà fún títà. Bí àwòrán náà kì í bá ṣe fọ́tò, ẹ̀tọ́ náà wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ó bá kú. Bí ó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, ìwé ni kí ó fi ṣe é.

Nítorí náà, kí ayàwòrán kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sára àwo, kí ó sì kọ ohun tí olùrà lè fi àwòrán náà ṣe. Kí olùrà pẹ̀lú rántí pé òógùn ojú ẹni kan ni ẹ̀dà jíjí.