Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Ẹ̀kọ́ Lórí Oúnjẹ Ilẹ̀ Àjèjì

Fún kíkà: Àwọn Ọba Kejì 4:38–41, Lúùkù 10:5–8, 1 Kọ́ríńtì 10:23–31

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìwó ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ jáde sí ayé. Àwọn kan ń bẹ ní Kútọnu àti Àkírà, àwọn mìíràn ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Toronto àti ní Dubai. Yálà ẹ̀kọ́ ni ó gbé wọn lọ, tàbí òwò, tàbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ohun kan kò yẹ̀ lórí gbogbo wọn: kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí yóò gbé oúnjẹ tí wọn kò jẹ rí sí iwájú wọn. Nínú àdúrà ìdágbére, a máa ń bẹ Olúwa kí ó ṣọ́ bàálù lójú òfurufú, kí ó sì pa ọmọ wa mọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ búburú. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ fún ọmọ náà bí yóò ti jẹun ní ibi tí ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ìwé ìrántí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa, fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rán ọmọ lọ.

1. Oúnjẹ tí a ń pè ní tiwa

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ohun tí ó ṣàjèjì kì í ṣe ọ̀tá. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ, ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gààrí, ata rodo, tòmátò, ẹ̀pà àti ànàmọ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Kí Columbus tó gúnlẹ̀ sí apá ibẹ̀ ní ọdún 1492, kò sí ọ̀kan nínú wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí àti àwọn oníṣòwò mìíràn ni ó gbé wọn dé etí òkun wa. Nítorí náà, baba ńlá wa kan wà tí ó kọ́kọ́ fi ìfura tọ́ àgbàdo wò. Bí ó bá kọ̀ ọ́ tán pátápátá, ẹ̀kọ kì bá tí sí lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gẹ́ dáadáa. Májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáídì máa ń jáde nínú ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá jù lọ nínú irú èyí tí ó korò. Àwọn tí wọ́n ni ín ní Gúúsù Amẹ́ríkà ti mọ̀ ọ́n rin, wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n yan lórí iná, kí ó tó di oúnjẹ. Rírin, fífún àti yíyan yìí náà ni àwọn ìyá wa ń ṣe títí di òní nídìí gààrí. Oúnjẹ àti ìmọ̀ rẹ̀ jọ ń rìn ni. Ẹni tí ó bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ onílé tí kò gba ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ààbọ̀ ẹrù ni ó gbà.

2. Ìkòkò Gílígálì

Ìyàn mú ní ilẹ̀ nígbà tí wòlíì Èlíṣà dé Gílígálì. Ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn lọ sí pápá láti já ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ, ó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀, wọn kò sì mọ ohun tí ó jẹ́. Bí wọ́n ti fi kan ẹnu ni wọ́n kígbe pé ikú ń bẹ nínú ìkòkò náà. Èlíṣà bèèrè ìyẹ̀fun, ó dà á sí i, Ọlọ́run sì mú ibi kúrò níbẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Ìkínní, ọkùnrin tí ó já èso náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Olùrànlọ́wọ́ ni, ebi ni ó sì lé e. Ìkejì, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn wòlíì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọn kò mọ ewé yìí, nítorí ìmọ̀ kan kò gba ipò ìmọ̀ mìíràn. Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ní láti rántí èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìkẹta, àwọn tí ó tọ́ ọ wò kò tijú. Wọn kò sọ pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, ojú yóò ti ẹni tí ó se ọbẹ̀. Wọ́n kígbe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀mí wọn sì là. Èlíṣà pàápàá kò bá wọn wí pé ìgbàgbọ́ wọn kéré. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ni ó ti jẹ oúnjẹ tí ó ti kan, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ojú ti ẹni tí ó gbà wọ́n lálejò.

3. Ohun tí ó jọ ti ilé

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ohun tí ó ṣàjèjì jù lọ ni ó léwu jù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ohun àjèjì pátápátá yóò ṣọ́ra, yóò sì bèèrè. Ohun tí ó jọ ti ilé ni kì í jẹ́ kí a bèèrè. Mo rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ọmọ wòlíì nínú pápá. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ mẹ́ta.

Èkínní ni iṣin. Ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni igi yìí ti ṣẹ̀. Ní àkókò òwò ẹrú ni ó dé Jàmáíkà. Ní ọdún 1793 ni ọ̀gákọ̀ William Bligh mú un lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì fi pe igi náà ní Blighia sapida. Lónìí, iṣin ni èso àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Jàmáíkà, wọn a sì máa sè é pẹ̀lú ẹja oníyọ̀. Ọmọ Ìwó tí ó bá rí i ní Kingston yóò yọ̀ bí ẹni rí ará ilé. Ṣùgbọ́n iṣin tí kò tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi ní májèlé nínú, tí í fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì, tí í mú èébì, gìrì àti dídákú wá. Ọmọdé tí ebi ń pa ni ó tètè ń pa. Ní ọdún 1998, ó pa àwọn ọmọ kékeré ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de iṣin inú agolo ní ọdún 1973, ọdún 2000 ni wọ́n sì tó gbà á padà láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá yẹ̀ wò. Òfin iṣin kò le: kí ó là fúnra rẹ̀, kí a sọ kóró dúdú àti awọ pupa ìdí rẹ̀ nù, kí a sì da omi tí a fi sè é nù.

Èkejì ni olú. Olú kan wà ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amanita phalloides. Ó jọ olú kan tí àwọn ará Éṣíà ń jẹ ní ìlú wọn, ó sì ti pa àwọn àlejò tí ó já a nínú igbó pẹ̀lú èrò pé ti ilé ni. Sísè kò pa májèlé rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè kọjá kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí run ènìyàn. Ara tún lè dà bí ẹni pé ó yá, nígbà tí májèlé náà ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ olú já ní oko Ìwó, kí ó lọ ra tirẹ̀ ní ọjà bí ó bá dé òkèèrè.

Ẹ̀kẹta ni àkàrà. Ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì, àwọn obìnrin ń fi epo pupa dín àkàrà ẹ̀wà ní ojú pópó, wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú ni ó mú un dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n a là á sí méjì, wọ́n a sì fi edé gbígbẹ àti ọbẹ̀ kíki kan tí a ń pè ní vatapá sí i láàrin. Edé wà nínú vatapá náà pẹ̀lú, ẹ̀pà sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé tàbí ẹ̀pà, tí ó gbà á jẹ nítorí pé àkàrà ni, ọrùn rẹ̀ lè wú kí ó tó gbé e mì tán. Ìta jọ ti ilé, inú yàtọ̀.

4. Iná, omi àti ọwọ́

Ọ̀pọ̀ àìsàn inú tí ń ṣe arìnrìn-àjò kì í wá láti inú oúnjẹ tí ó ṣàjèjì, bí kò ṣe láti inú omi àti ọwọ́ tí kò mọ́. Ibẹ̀ ni àrùn onígbáméjì àti taifọ́ìdì ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ oúnjẹ tí ó gbóná láti orí iná, kì í ṣe èyí tí ó ti tutù sínú àwo tí eṣinṣin ń bà lé. Kò yẹ kí a bẹ̀rù oúnjẹ ojú pópó. Ibi tí àwọn ará ìlú pọ̀ sí, tí oúnjẹ kò ti ń pẹ́ lórí igbá, máa ń sàn ju ilé oúnjẹ ńlá tí kò sí ènìyàn lọ. Wáàkyé ti Àkírà tàbí àkàsà ti Àjàṣẹ́ tí a rà lójú gbígbóná kò ní ṣe yín ní nǹkan. Ẹ fi ọwọ́ ara yín bó èso. Ẹ rántí pé omi dídì náà omi ni: bí a kò bá lè mu omi ẹ̀rọ ìlú kan, kí a má ṣe fi omi dídì rẹ̀ sínú ife. Ẹ yẹra fún wàrà tí a kò sè. Ní Jàpáàn, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní fugu, tí kò sí ẹ̀rọ̀ fún májèlé rẹ̀. Alásè tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó lè sè é fún títà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí ó kàn sọ pé òun mọ̀ ọ́n sè.

Ẹ jẹ oúnjẹ tuntun kan lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tí ara yín kọ̀. Ẹni tí ó ní ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, kí ó kọ orúkọ nǹkan náà sínú ìwé ní èdè ibi tí ó ń lọ kí ó tó kúrò nílé. Kí oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, omi ara ni kí a kọ́kọ́ dá padà. Ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, sínú lítà kan omi tí ó mọ́, kí ẹ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ibà bá ga, bí omi kò bá dúró nínú, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Kí ẹ sì sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni ẹ ti wá, nítorí pé ibà ẹ̀fọn lè fara jọ àìsàn inú.

Oúnjẹ tí a ń gbé lọ náà ní òfin. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran tàbí wàrà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò láti Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, dandan ni kí a sọ gbogbo oúnjẹ tí a gbé lọ́wọ́ fún àwọn aṣọ́bodè, wọn kò sì fẹ́ rí ìgbín wa láàyè rárá.

5. Oúnjẹ àti ẹ̀rí-ọkàn

Jésù pàṣẹ fún àwọn tí ó rán jáde pé kí wọ́n jẹ ohun tí onílé bá gbé kalẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà kọ́ni pé kí a jẹ ẹ́ láìbèèrè nítorí ẹ̀rí-ọkàn. Àwọn kan ti fi èyí kọ́ni pé Kristẹni kò gbọdọ̀ bèèrè ohunkóhun nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè òrìṣà ni Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀. Kò sọ pé kí a má bèèrè bóyá edé wà nínú ọbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún wa pé a ti fi oúnjẹ náà rúbọ, Pọ́ọ̀lù ní kí a fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí-ọkàn ẹni náà. Ní Bahia, níbi tí àkàrà ti jẹ́ oúnjẹ Ọya, àwọn onígbàgbọ́ kan ń dín tiwọn, wọ́n sì ń pè é ní àkàrà Jésù. Ẹ jíròrò lórí èyí láàrin ara yín.

Bí a bá ní láti kọ oúnjẹ, kí a kọ oúnjẹ nìkan, kí a má ṣe kọ ẹni tí ó gbé e wá. Ẹ dúpẹ́, ẹ sọ pé ara yín kò gbà á, ẹ sì jẹ nínú ohun tí ẹ lè jẹ. Ẹ má ṣe yínmú. Ọwọ́ ìyá ẹnìkan ni oúnjẹ náà ti wá.

6. Àdúrà àti ìmọ̀

Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé: ṣebí a ti gbàdúrà sí oúnjẹ náà? Ẹ jẹ́ kí Bowen dá wa lóhùn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára yunifásítì tí ń bẹ ní Ìwó wa níhìn-ín. Ní ọdún 1850 ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ bọ̀, Hervey Goodale, ti kú ní Làìbéríà kí wọ́n tó débí. Ibà pa ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ìgbà náà. Àdúrà kò wọ́n wọn. Ìmọ̀ ni kò tíì dé, nítorí ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Lónìí tí a ti mọ̀, ẹni tí ó bá sùn láìta nẹ́ẹ̀tì, tí ó ní àdúrà tó, ń ṣe ohun tí Sátánì ní kí Jésù ṣe ní ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì. Olúwa wa kọ̀ láti dán Baba rẹ̀ wò. Ìmọ̀ náà ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn kò bu ọlá fún Ẹni tí ó fi í fúnni.

Nítorí náà, ẹ lọ, kí ẹ sì tọ́ oúnjẹ ayé wò pẹ̀lú ọpẹ́. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ wá onílé tí yóò bá yín wò ó, nítorí abèèrè kì í ṣìnà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó yẹ kí ọmọ wòlíì ṣe nínú pápá kí ó tó já èso náà?
2. Oúnjẹ wa wo ni ó lè pa àlejò lára bí a kò bá kọ́ ọ bí a ti ń jẹ ẹ́? Ta ni ó yẹ kí ó kọ́ ọ?
3. Báwo ni ẹ ó ṣe kọ oúnjẹ tí ara yín kò gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà tí ó gbà yín lálejò?
4. Níbo ni ìgbàgbọ́ parí sí, níbo sì ni ìdánwò Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀?