Ẹ Béèrè Iṣẹ́ Tí Ẹ̀rọ Àtijọ́ Ṣe



Ní agbo ilé wa, ẹ̀rọ ìfúnpo kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Irin ni gbogbo rẹ̀, ó sì wúwo púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, orí rẹ̀ ni àwa ọmọdé máa ń jókòó sí tí a bá ń jẹ àgbàdo. A kò béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, ẹnì kan tó ń ra àlòkù irin wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó tú ẹ̀rọ náà sí wẹ́wẹ́, ó wọ̀n ọ́n, ó sanwó, ó lọ. Èmi gan-an wà lára àwọn tó bá a gbé e sínú ọkọ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ti di olùkọ́. Ní ọjọ́ tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa epo pupa, ìyá àgbà kan nínú kíláàsì ní kí n kọ orúkọ irin tí wọ́n máa ń yí lórí ẹ̀rọ náà sí ara pátákó. N kò mọ̀ ọ́n. Ìyá náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí ọkùnrin ló ń yí i nígbà tirẹ̀. Ẹni tí ì bá sọ fún wa ti lọ. A kọ “irin tí a ń yí” sí ara pátákó, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nípa iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ẹyìn sísè nínú ẹkù. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, epo á léfòó, wọ́n á sì máa bù ú sè. Ẹ̀rọ náà ní agbọ̀n irin kan tí ara rẹ̀ lu wẹ́wẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń da ẹyìn tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì ti gún sí. Ọ̀pá irin kan dúró ní àárín agbọ̀n náà, a sì gbẹ́ ìlà yí i ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ejò tí ó wé mọ́ igi. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń tì í yípo, bẹ́ẹ̀ ni awo irin ńlá kan ń sọ̀ kalẹ̀ lé ẹyìn lórí, tí epo sì ń gba ojú ihò jáde. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ẹni tó ń yí i rin ìrìn púpọ̀ kí awo náà tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo ṣe máa ń gba ọ̀nà tó gùn tí kò ga púpọ̀, dípò kó gun òkè ní tààrà, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n inú irin yẹn.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Àwọn Faransé ń pè é ní musée. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ilé ohun àtijọ́ ni a ó máa pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ère àti aṣọ ọba nìkan ló wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ pẹ̀lú wà níbẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ wà ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ẹ ó gba Sàkété kọjá, ẹ ó sì dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ilé ohun àtijọ́ da Silva ni orúkọ rẹ̀. Ilé àwọn Àgùdà ni, àwọn ọmọ ẹrú tó padà dé láti Bràsíl, wọ́n sì kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1870. Ọ̀gbẹ́ni Karim da Silva sọ ọ́ di ilé ohun àtijọ́ ní 1998. Ẹ ó rí yàrá àti ilé ìdáná bí àwọn Àgùdà ṣe ń lò ó, ẹ ó rí àwòrán, ẹ ó sì rí ọkọ̀ àti alùpùpù àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ àwọn alùpùpù wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ jù.

Báwo ni a ṣe ń wo alùpùpù àtijọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi Solex ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn àgbà inú yín mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, láti 1946 títí di 1988. Ẹni tí kò rí i rí yóò rò pé kẹ̀kẹ́ lásán ni, tí ẹnì kan gbé agolo dúdú lé níwájú. Agolo yẹn ni ẹ́ńjìnnì. Kò sí ṣéènì láàrin ẹ́ńjìnnì náà àti táyà. Rólà kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí ara rẹ̀ rí háráhárá bí ọlọ. Rólà yìí tẹ táyà iwájú mọ́lẹ̀, bí ó ti ń yí ni táyà ń yí. Bí òjò bá rọ̀, rólà á máa yọ̀ lórí táyà, ẹni tó gùn ún á sì máa fi ẹsẹ̀ wà á. Ọ̀pá kan wà tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí táyà, kí ó lè di kẹ̀kẹ́ lásán. Bí epo bá tán láàrin Ìpinlẹ̀ àti ilé, kò sí wàhálà. Ní tèmi, ọgbọ́n yìí dára ju ti alùpùpù òde òní lọ, èyí tó jẹ́ pé títì ni bí epo bá tán.

Ẹ ò rí i pé wíwò lásán kò lè sọ gbogbo èyí fún yín? Ìbéèrè ló ń mú un jáde. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe kí ẹ̀rọ yìí tó dé? Kí ló ń yí, kí ló sì ń yí i? Ta ló ń tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́?

Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà lè gba Ìgólò kọjá sí Ìdí-Ìrókò, kó sì dé Èkó. Ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, nínú ọgbà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Nàìjíríà, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Wọ́n kọ́ ọ ní 1898. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy tún un ṣe ní 2010, ohun èlò àti àwòrán ọkọ̀ ojú irin sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà irin náà láti Èkó, ní 1901 ni wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn.

Èyí kàn wá. Ọ̀nà irin wà níhìn-ín pẹ̀lú, láti Àjàṣẹ́ gba Sàkété lọ sí Pobẹ̀. Ó ti dé Pobẹ̀ kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Epo àti ekùrọ́ wa ni ó ń kó. Ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́ báyìí.

Ọkọ̀ ìgbà náà kò mu epo. Iná àti omi ló ń lò. Bí iṣu bá ń hó lórí iná, ẹ ti rí bí oru ṣe máa ń gbé ọmọrí ìkòkò. Ẹ wá fojú inú wo ìkòkò irin tó gùn bí yàrá, tí wọ́n dé pa pátápátá, tí oru kò rí ibì kan jáde àfi inú ihò kan. Nínú ihò náà, oru ń ti irin kan síwá sẹ́yìn, irin yẹn ló sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá wọn àlàfo tó wà láàrin irin méjèèjì ní ọ̀nà tiwa, mítà 1 ni. Ti ọ̀nà irin àtijọ́ Nàìjíríà, mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 6.7 ni. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n nítorí ìka mẹ́rin yìí, ọkọ̀ Èkó kò lè rìn lórí irin Pobẹ̀ láé. Faransé mú ìwọ̀n tirẹ̀ wá, Gẹ̀ẹ́sì mú tirẹ̀. Àwa tí a jọ ń sọ èdè kan náà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà méjèèjì, ta ló bi wá?

Ẹ má rò pé ilé báyìí wà fún àwọn tó kàwé púpọ̀ nìkan. Ní Paris, ní 1794, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Grégoire, ọ̀kan nínú àwọn tó dojú ìjà kọ òwò ẹrú, dá a lábàá pé kí wọ́n kó ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ jọ sí ibì kan, kí àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí yóò máa ṣàlàyé ìlò wọn fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé náà wà títí di òní. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Cugnot ṣe ní nǹkan bí 1770 wà níbẹ̀. Oru ló ń wà á, wọ́n sì ṣe é láti máa fa ìbọn ńlá. Kò yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹṣin níwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ mú ìwé àti gègé dání. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ sì jẹ́ kí afinimọ̀nà mọ̀ pé ẹ fẹ́ àlàyé. Èdè Faransé ni àkọlé ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó tì yín lójú láti ní kí ó kà á fún yín. Ẹ kọ ohun tó bá sọ ní Yorùbá. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan láìgbàṣẹ. Bí àgbàlagbà kan nínú yín bá sì ti lo irú ẹ̀rọ náà rí, kí ó sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé òun ló mọ̀ ju afinimọ̀nà lọ.

Ẹni tí kò bá lè lọ, kí ó wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Máṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ wà ní agbo ilé kan, rédíò onígi wà ní òmíràn. Ẹni tó ń ra irin ṣì ń bọ̀, ọjọ́ ọjà ni ó máa ń wá.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: kí olúkúlùkù wá ẹ̀rọ àtijọ́ kan ní ilé tàbí ní àdúgbò. Kí ó bá ẹni tó lò ó sọ̀rọ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ẹni náà ṣe ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹni tó mọ orúkọ irin tí wọ́n ń yí lórí ẹ̀rọ ìfúnpo, kí ó jọ̀ọ́ kọ ọ́ wá fún mi. Àyè rẹ̀ ṣì ṣófo nínú ìwé mi.