Kí ló wà nínú ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ?

Ní Sakété àti Pobè, ilé tí kò ní gàrí ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ó bá jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tútù púpọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni àwa náà ń jẹ. Kí ló dé tí kì í pa wá? Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀.

Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú kílò 10 ẹ̀gẹ́ tútù tí a ti bó, nǹkan bí kílò 6 jẹ́ omi. Ara tiwa náà rí bẹ́ẹ̀: omi inú ara àgbàlagbà ju ìdajì ara rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn omi ni ohun funfun tí ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ igbá nígbà tí a bá fún ẹ̀gẹ́. Ṣúgà kéékèèké ni, tí a so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Ẹ bu gàrí gbígbẹ díẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ rún un pẹ́, kí ẹ má tètè gbé e mì. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Itọ́ yín ni ó ń já okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Òun ni ó ń fún wa lágbára láti roko. Ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ara dàgbà kò tó nǹkan nínú ẹ̀gẹ́.

Níbo wá ni oró wà? Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ó di oró mọ́ra. Linamarin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ohun mìíràn tún wà nínú ẹ̀gẹ́ náà tí ó lè tú u, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ògiri sì wà láàrin wọn. Bí ewúrẹ́ bá rún èèpo, tàbí tí a bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri wó. Àwọn méjèèjì pàdé, oró sì jáde. Afẹ́fẹ́ ni oró yìí. Ó ń yòrò nínú omi, ooru díẹ̀ sì tó láti lé e lọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Wọ́n bó èèpo, torí ibẹ̀ ni oró pọ̀ sí. Wọ́n rin ẹ̀gẹ́ kúnná kí ògiri lè wó tán. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé òkúta lé e, omi sì gbé oró jáde. Wọ́n jẹ́ kí ó kan fún bí ọjọ́ 3. Wọ́n yan án, èyí tó kù bá ooru lọ. Kò sí ọ̀kan tí kò nídìí. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn gàrí tí wọ́n rin láàárọ̀, tí wọ́n yan nírọ̀lẹ́, nítorí pé ọ̀la ni ọjà.

Ní ọdún 1981, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ní àríwá Mòsáńbíìkì. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, oró inú ẹ̀gẹ́ a máa pọ̀ sí i. Ebi ń pa àwọn ènìyàn, wọn kò lè dúró kí ẹ̀gẹ́ gbẹ dáadáa. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gan lójijì lé ní 1000. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Konzo ni wọ́n ń pe àìsàn yìí ní Kóńgò. Kò sí oògùn tí ń wò ó.

Ara wa lè sọ oró díẹ̀ di ohun tí a ó tọ̀ dà nù, ṣùgbọ́n èròjà inú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran ni ó fi ń ṣe é. Àwọn ará Mòsáńbíìkì yẹn kò rí i jẹ. Ọmọ tí ń fi gàrí lásán sùn lójoojúmọ́, ẹ wá ẹ̀wà tàbí ẹja gbígbẹ díẹ̀ kún un.

Ẹ̀gẹ́ tí a kàn gé, tí a sá sí oòrùn láì rẹ ẹ́, oró ń kù nínú ìyẹ̀fun rẹ̀. Láti ọdún 2010, àwọn obìnrin abúlé kan ní Kóńgò ń po irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ mọ́ omi. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ fún wákàtí 2 nínú oòrùn, tàbí 5 ní ibòji. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń rò ó jẹ.

Fún ẹgbẹ́ yín: Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ ń lò nínú àpò lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó yan án? Níbo ni omi rẹ̀ ń ṣàn lọ? Ẹran ọ̀sìn wo ló ń mu níbẹ̀?