Ẹ Wo Ewé Kí Ẹ Tó Gé Igi Ẹ̀gẹ́

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ìgbà tí wọ́n bá fa ẹ̀gẹ́ tán ni wọ́n ń ṣa igi tí wọn yóò tún gbìn. Ó ti pẹ́ jù. Ewé ti rọ, ojú kò lè mọ èyí tó lárùn mọ́. Nígbà tí ewé ṣì wà lórí ni kí ẹ wọ oko lọ, kí ẹ so okùn mọ́ èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́jú, tó tutù yọ̀yọ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ lọ́, tó pọ́n rúsúrúsú lójúlójú, àrùn mosaic ló ń bá a jà. Ẹ má gé igi rẹ̀ gbìn.

Irú tó lè dojú kọ àrùn yìí ti wà. Ní 1971 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ S.K. Hahn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni irú tí wọ́n ń pè ní TMS 30572 ti jáde. Irú kejì tó lè dojú kọ ọ́ ni TME 419, ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ láti Togo. Òun ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ń gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀gẹ́, torí ó máa ń ga kó tó pẹ̀ka. TMS 30572 lè ní àmì àrùn díẹ̀ ní kékeré, kí ewé tuntun sì jáde ní mímọ́. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé ayédèrú ni.

Ẹ gé igi olóṣù 8 sí 12, gígùn rẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 25, kó ní ojú 5 sí 7. Mítà kan síra ni kí ẹ gbìn ín.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ewé ìsàlẹ̀. Bó bá ti lọ́ láti ìsàlẹ̀, igi tí ẹ gbìn ló gbé àrùn wá: ẹ fà á tu. Bí ìsàlẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ orí nìkan ló lọ́, kòkòrò funfun tín-ín-tín abẹ́ ewé ló gbé e wá, bóyá láti oko tó múlé gbè yín.

Ní ilẹ̀ olómi bíi ti Ogun Waterside, ẹ kọ ebè ga. Agbára tó ń lé mosaic kò ní kí ẹ̀gẹ́ má jẹrà nínú omi.

Ẹ má sì fi irú kan ṣoṣo bo gbogbo oko. Ní Uganda, lọ́dún 1998, àrùn kan tí wọ́n wá pè ní Ug99 borí irú àlìkámà tí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbin irú méjì, kí kálukú ní poro tirẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra igi, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú yín dé oko tí wọn yóò ti gé e.