Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ GBÈSÈ ÀTI OWÓ OṢÙ

Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá yá owó tí kò sì ní ohun tí yóò fi san án a máa fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Kí ẹ̀yin olùkọ́ kíyèsí èyí dáradára: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni, kò dín ojú owó kù rárá. Bí ó sìn fún ọdún mẹ́ta, bí ó sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tí a yá ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni a ó kà sílẹ̀ kí ó tó bọ́.

Òfin ti mú ìwọ̀fà kúrò nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé ó ti tán. Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ kan tí ń gba ₦70,000 lóṣù, iye tí òfin sọ di owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 2024. Ó yá ₦20,000 lọ́wọ́ ṣógúndogójì, èlé rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Nígbà tí owó oṣù dé, owó ilé, oúnjẹ, ọkọ̀ àti owó ilé-ìwé ọmọ gbà á tán. Ó san ₦2,000 èlé, ó ní ìyókù di oṣù tí ń bọ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù 12, ó ti san ₦24,000, ₦20,000 sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Kí ni a ó pe ọkùnrin yìí bí kò ṣe ìwọ̀fà?

Ṣùgbọ́n bí ó bá lè fi ₦5,000 kún èlé náà lóṣooṣù, ojú owó yóò di ₦15,000, yóò di ₦10,000, yóò di ₦5,000, èlé pàápàá yóò sì máa rẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹrin gbèsè náà ti tán, gbogbo èlé tí ó san kò sì ju ₦5,000 lọ. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bèèrè ibi tí ₦5,000 náà yóò ti wá. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹni tí ebi ń pa kò ráyè ìṣirò. Síbẹ̀ a ti rí ẹni tí kò rí ₦5,000 san lórí gbèsè, tí ó sì ra aṣọ ẹbí ní ìlọ́po mẹ́ta iye náà fún òkú ẹni tí kò bá a tan. Àwa kò kórìíra aṣọ ẹbí. Aṣọ àwìn ni a ń sọ.

Kí onígbèsè kọ gbogbo gbèsè rẹ̀ sínú ìwé: ẹni tí ó ni owó, ojú owó, èlé, ọjọ́ sísan. Kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ sì rí ìwé náà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ilé àti oògùn, gbèsè tí èlé rẹ̀ wúwo jù ni kí ó kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń pariwo jù. Èyí ṣòro púpọ̀. Ológò àtijọ́ a máa jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. Òṣómàálò, Ìjẹ̀ṣà aláṣọ, a lóṣòó kò ní dìde títí a ó fi sanwó fún un. Lóde òní àwọn kan tí ń yáni lówó lórí fóònù a máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nípa onígbèsè ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀. Ní ọdún 2022 ni àjọ ìjọba tí a ń pè ní FCCPC gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn. Ẹni tí yóò yá irú owó bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ ayánilówó náà wà lọ́dọ̀ àjọ yìí.

Èésú sàn jù, nítorí kò ní èlé. Bí ènìyàn 10 bá ń dá ₦5,000, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o gba ₦50,000. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ₦45,000 nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè àwọn mẹ́sàn-án ìyókù.

Ẹni tí ó bá rí i pé òun kò ní lè san lọ́jọ́ àdéhùn, kí ó tọ olówó lọ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó mú díẹ̀ lọ́wọ́, kí wọn sì kọ àdéhùn tuntun sínú ìwé. Ní ọjọ́ tí ó bá san èyí tí ó kẹ́yìn, kí ó gba ìwé ẹ̀rí pé gbèsè ti tán, kí ó sì fi í pamọ́ sí ibi tí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀.